Omi ni ọ̀gá iṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nínú igbó orí òkè Wales

Bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí bá rí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ nínú igbó, tí ojú rẹ̀ ti di kòtò, tí gbòǹgbò àti òkúta ti yọ síta, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló bà á jẹ́. Táyà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n táyà kàn ń tú ilẹ̀ ni. Omi ló ń kó ilẹ̀ náà lọ. Ọ̀nà tí omi ò dúró lójú rẹ̀, tí omi ò sì rìn gùn lórí rẹ̀, yóò pẹ́ kó tó bàjẹ́, bí kẹ̀kẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá tilẹ̀ pọ̀. Èyí tí omi bá ti sọ di ipa odò, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ mọ́, ṣe ni yóò máa jìn sí i.

Wales ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ní igbó Coed y Brenin, lẹ́bàá ìlú Dolgellau, ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe fún kẹ̀kẹ́ orí òkè nílẹ̀ Bìrìtìkó. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, Dafydd Davis ló sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Natural Resources Wales, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó àti odò Wales, ló ni àkóso igbó náà báyìí. Òjò agbègbè yẹn kì í ṣe kékeré: lórí àwọn òkè gíga Eryri, ó máa ń ju mìlímítà 3,000 lọ lọ́dún, nígbà tí ti Ìbàdàn ò ju nǹkan bíi 1,300 lọ. Òjò tiwa a máa rọ̀ kíkankíkan, a sì tún dá. Tiwọn kì í fẹ́ẹ́ dá, ilẹ̀ kì í sì í rí àyè gbẹ dáadáa láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ lásán ṣe ojú ọ̀nà níbẹ̀, kò ní lo ìgbà òtútù kan tán. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Iṣẹ́ onílé ni iṣẹ́ yìí, ó sì ní àsìkò. Bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá, gọ́tà àti ẹnu ìṣàn omi ni wọ́n ń kó. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, igi tí ìjì wó ló ń gba ọwọ́ wọn. Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ló dára jù fún títẹ́ òkúta àti títún kọ́nà ṣe, torí pé ilẹ̀ ṣì lómi díẹ̀ nínú, ó sì ń gbẹ bọ̀. Bó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ni. Ẹ má ṣe tún ojú ọ̀nà ṣe nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá gbẹ táútáú: eruku gbígbẹ ò ṣeé kì, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbá a lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é jẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń gbà, àwọn mìíràn sì ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n yáa sọ ọ́ níbí fún ẹni tó bá ń rò ó láti Nàìjíríà: físà òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ti Bìrìtìkó, oko èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó ló wà fún, pẹ̀lú iṣẹ́ adìyẹ àti tòlótòló ṣáájú Kérésìmesì. Iṣẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ò sí nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ẹ sanwó kí òun fi físà yẹn bá yín wá iṣẹ́ igbó, irọ́ ló ń pa, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ gan-an ni ọjọ́ tó yẹ kí ẹ lọ wo ọ̀nà. Ẹ wọ búùtù, ẹ mú ọkọ́ kan dání, kí ẹ rìn ín láti òkè wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú omi. Ibi tí omi ti wọ ọ̀nà ni ẹ ń wá, kì í ṣe ibi tó ti bà á jẹ́. Kòtò lè wà nísàlẹ̀ kọ́nà, kí ohun tó fà á sì wà ní ogójì mítà sókè, níbi tí gọ́tà kan ti dí tí omi rẹ̀ sì fò sójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dí kòtò yẹn láì kọ́kọ́ la gọ́tà òkè, ẹ óò tún padà wá dí i. Bí òjò bá ti dá, àmì ló kù tí ẹ óò máa kà. Ewé, àti ewé igi spruce tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó tò sí ìlà kan náà ń fi ibi tí omi gbà hàn. Ẹrẹ̀ kíkúnná tó jókòó pẹlẹbẹ ń fi ibi tó ti dúró hàn. Òkúta tí ara rẹ̀ mọ́, tí yanrìn àárín rẹ̀ ti lọ tán, ń sọ pé omi sáré níbẹ̀. Ẹ fọ́n ọ̀dà sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì kọ nọ́ńbà òpó àmì tó sún mọ́ ọn sílẹ̀.

Ọ̀nà tó dára a máa dà díẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀ òkè. Bó bá fẹ̀ ní mítà kan, kí etí rẹ̀ tó kọjú sí ìsàlẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún rẹlẹ̀ ju etí òkè lọ. Ẹ fi pákó tó gùn tó mítà kan dábùú rẹ̀, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé pákó, ẹ gbé orí pákó tó wà nísàlẹ̀ sókè títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò fi dọ́gba, kí ẹ wá wọn àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni pé táyà ń ti òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ewé á jẹrà lé e lórí, koríko á hù, títí etí ìsàlẹ̀ yóò fi ga ju àárín lọ. Ọ̀nà ti di ọpọ́n nìyẹn, omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ò rí ibi jáde mọ́. Kíkó etí tó ga yẹn, tí à ń pè ní ètè, kúrò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìtọ́jú, kì í sì í hàn sójú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n bí owó ò bá ju kí ẹ ṣe ohun kan ṣoṣo lọ́dún, òun ni kẹ́ẹ ṣe. Ọkọ́ ló dára jù fún un. Ọkọ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fẹ̀ lójú bíi tiwa, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ní ihò tí wọ́n ń ki igi bọ̀, igi náà sì gùn, ẹni tó ń lò ó kì í tẹ̀ púpọ̀. Ẹ gé ètè náà dé ilẹ̀ líle, kí ẹ sì da ohun tí ẹ bá gé jìnnà sísàlẹ̀ òkè, kó má baà tún tò jọ sí etí.

Níbi tí dídà sí ẹ̀gbẹ́ nìkan ò bá tó, ẹ óò gbẹ́ ibi tí omi yóò gbà jáde. Ẹ yàn án sí òkè ibi tó ń bàjẹ́, níbi tí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ti rẹlẹ̀ tí omi yóò fi rí ibi lọ. Ẹ má ṣe yàn án sí àárín kọ́nà. Kòtò pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe gọ́tà. Ó gùn tó mítà mẹ́ta lójú ọ̀nà, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹlẹ̀ ju ojú ọ̀nà lọ. Ilẹ̀ tí ẹ bá gbẹ́ jáde, ẹ kó o sí iwájú kòtò náà lójú ọ̀nà, kí ẹ kì í di òkìtì tó dà gẹ̀rẹ̀ fún mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí omi bá dé ibẹ̀, á bá ilẹ̀ tó ga níwájú, á sì yà síta. Oníkẹ̀kẹ́ á kàn rò pé ọ̀nà rọra wálẹ̀, ó rọra gòkè ni. Ẹnu ìjáde ló ṣe pàtàkì jù: kó fẹ̀ ju ojú ṣọ́bìrì méjì lọ, kó sì gùn tó mítà kan sí méjì kọjá etí ọ̀nà. Kí ẹ tó kó irinṣẹ́, ẹ da garawa omi kan sí òkè rẹ̀. Bí omi bá dúró níbì kan, bó tilẹ̀ mọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ tún ibẹ̀ gbẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ò pọ̀. Bó bá kúrú jù, iwájú kẹ̀kẹ́ á já sínú rẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnu ìjáde bá há, ewé ọdún kan ṣoṣo á dí i pa. Èyí tó burú jù ni kí ọ̀nà náà yí po lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, kí omi tí ẹ lé jáde lókè sì lọ bọ́ sójú ọ̀nà kan náà nísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé omi náà wọ inú igbó kí ẹ rí ibi tó gbà parí. Lórí ọ̀nà tó bá dà gan-an, irú kòtò bẹ́ẹ̀ kan yẹ kó wà ní gbogbo mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Igi tí àwọn kan máa ń rì ní ìdábùú ojú ọ̀nà láti yí omi padà, èmi ò gbà á fún ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ẹrẹ̀ á kún ẹ̀yìn rẹ̀, omi á wá máa fò ó. Táyà á gbẹ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀ títí igi náà yóò fi yọ sókè. Bí òjò bá sì pa á, a máa yọ̀ débi pé táyà tó bá gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ á yẹ̀ lójijì. Nígbà tó bá yá, ọ̀nà méjì ló máa wà níbẹ̀: èyí tí ẹ là, àti èyí tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń yẹra fún igi.

Àwọn ibì kan wà tí ìṣàn omi kankan ò lè gbà sílẹ̀, torí pé ibi tí wọ́n là á sí ò dára. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń la ọ̀nà ń tẹ̀ lé ni pé bí ọ̀nà ṣe dà ò gbọdọ̀ ju ìdajì bí ẹ̀gbẹ́ òkè fúnra rẹ̀ ṣe dà lọ. Bí òkè bá ń fi mítà 30 wálẹ̀ nínú mítà 100, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 15 lọ. Bí ẹ bá sì wo ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, kí ó má ju nǹkan bíi 10 nínú 100 lọ. Bó bá ti kọjá ìdajì, omi kì í dá a kọjá mọ́, ojú ọ̀nà ló máa gbà lọ. Irú ibẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onígbó, ẹ la òmíràn, kí ẹ sì pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ pátápátá: ẹ fi dígà tú ojú rẹ̀ tó ti le, ẹ ṣí koríko gbìn sí i, ẹ sì to ẹ̀ka igi sí gbogbo ibi tí ojú ti lè rí i láti ọ̀nà tuntun. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá ṣì ń rí i, yóò gbà á.

Òkúta ló ń jẹ owó, òun náà ló sì ń jẹ agbára. Ẹ ṣírò kí ẹ tó pe lọ́rì. Ká ní ibi tó bàjẹ́ gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà kan, ẹ sì fẹ́ kí òkúta nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti kì í: kúbíìkì mítà 2 nìyẹn. Òkúta tí a ti kì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì fún kúbíìkì mítà kan, nítorí náà tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni ẹ ń wá. Bárò tí ẹnì kan lè tì lójú ọ̀nà igbó ń gbé bíi kílò 80, àádọ́ta bárò nìyẹn. Bí ibi tí lọ́rì já a sí bá fi mítà 300 jìnnà, àlọ àti àbọ̀ àádọ́ta bárò jẹ́ kìlómítà 30. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo bárò oníńjìnnì tàbí katapílà kékeré níbi tó bá gbà wọ́n, tí wọ́n sì ń wa òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí onígbó bá fọwọ́ sí i.

Irú òkúta náà ṣe kókó. Èyí tí wọ́n fọ́, tó ní igun, tó bẹ̀rẹ̀ láti bíi mìlímítà 40 wá dé eruku, ni kẹ́ẹ rà. Eruku yẹn ló ń so ó pọ̀. Òkúta odò róbótó kì í dì mọ́ra, èyí tí wọ́n sì ti jọ eruku kúrò nínú rẹ̀ á kàn máa yí lábẹ́ táyà. Kí ẹ tó dà á, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú, ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò tín-ín-rín kúrò dé ilẹ̀ líle, torí ilẹ̀ dúdú ń mu omi, òkúta á sì máa rì sínú rẹ̀. Lórí àwọn òkè Wales, ilẹ̀ dúdú lè jìn débi tí kò ní ṣeé gbẹ́ tán. Níbẹ̀, aṣọ líle oníke tí wọ́n ń pè ní geotextile ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ́, wọn á da òkúta ńlá lé e, kí wọ́n tó wá fi wẹ́wẹ́ bò ó.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú òkúta wẹ́wẹ́ náà, kí ẹ fún un. Bó bá dúró ní ìdì kan nígbà tí ẹ la ọwọ́, tí àtẹ́lẹwọ́ yín sì kàn tutù, ó ti tó kì. Bó bá tú ká, ẹ wọ́n omi sí i. Bí omi bá ń kán láàárín ìka, ẹ dúró kó gbẹ, torí ńṣe ni yóò máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, kò ní le. Ẹ má ṣe kì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan; bó bá nípọn jù, òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀. Láti etí ni kí ẹ ti máa kì wá sí àárín, kí òkúta má baà sá jáde.

Òtútù ní wàhálà tirẹ̀. Omi tó wà láàárín òkúta á di yìnyín, á wú, á sì gbé ojú ọ̀nà sókè. Nígbà tó bá dì gbagidi, kẹ̀kẹ́ lè kọjá láìsí ewu fún ilẹ̀. Ìgbà tó bá ń yọ́ ni kẹ́ẹ bẹ̀rù: òkè ti rọ̀, ìsàlẹ̀ ṣì dì, omi ò ríbi wọ̀. Ẹ ti ọ̀nà pa fún ìwọ̀nba ọjọ́ yẹn.

Bí ẹ bá rí ìgbì kéékèèké tó tò tẹ̀ léra ṣáájú kọ́nà, bíréèkì ló ṣe é. Ẹ̀dùn ọkàn ni bí wọ́n ṣe máa ń da òkúta tuntun sínú kòtò àárín ìgbì wọ̀nyẹn lọ́dọọdún, tó sì ń ṣí kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òkúta tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ojú tó ti le. Ẹ fi dígà tú gbogbo ibẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn jù, ẹ fi réèkì po ó pọ̀ mọ́ òkúta tuntun, ẹ wọ́n omi, kí ẹ kì í lápapọ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí eré wọn fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé kọ́nà. Ilẹ̀ tó rọra gòkè ní mítà mélòó kan ṣáájú kọ́nà á dín eré kù fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò nílò láti tẹ bíréèkì kíkankíkan. Bí kọ́nà náà bá ní ògiri ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ń fẹ̀yìn tì, omi máa ń dá sí ìdí ògiri yẹn. Ẹ lé omi jáde kí ó tó wọ kọ́nà, torí bó bá ti wọlé, ògiri ò ní jẹ́ kó jáde.

Igi tí ìjì wó ni iṣẹ́ tó lè pa ènìyàn. Ìjì Darragh, ní oṣù Kejìlá 2024, wó igi púpọ̀ ní Wales. Ẹni tí kò bá kọ́ ayùn oníńjìnnì, tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kí ẹni tó ní in má sì dá nìkan wà nínú igbó. Igi tó dábùú ọ̀nà ń na níbì kan, ó ń fún pọ̀ níbì kan. Bó bá gbé ìdí àti orí lé nǹkan, tí àárín rẹ̀ wà lófuurufú, òkè ló fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń na. Láti òkè ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gé e, bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí wọ́n tó wá láti ìsàlẹ̀ gé e parí. Bí wọ́n bá gé òkè jìn jù, igi á há ayùn mọ́. Bí igi náà bá fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́yìn gbòǹgbò yẹn: gbàrà tí wọ́n bá gé ìtì kúrò, ó lè padà jókòó sínú kòtò rẹ̀ lójijì.

Gígé koríko àti ẹ̀ka ò ṣòro, àsìkò ló ṣe pàtàkì. Láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹjọ, àwọn ẹyẹ ń yé, òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 sì ka mímọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gé igi kéékèèké tó pọ̀ ṣáájú oṣù Kẹta; nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ̀nba koríko tó ń dí ojú kọ́nà ni kẹ́ẹ gé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìdí wò fún eégbọn, torí eégbọn ibẹ̀ lè gbé àrùn Lyme. Afárá onípákó ń fẹ́ kí ẹ wo wáyà ilé adìyẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn kí táyà má baà yọ̀: ibi tó bá ti já ń ya táyà, ó sì ń gé ọwọ́ ẹni tó bá ṣubú.

Kí ẹ tó kúrò nínú igbó kan lọ sí òmíràn, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára búùtù, táyà àti ọkọ́. Àrùn Phytophthora ramorum, tí wọ́n rí lára igi larch ní Wales ní 2010, lè bá ẹrẹ̀ rìn, ó sì ti mú kí wọ́n gé larch rẹpẹtẹ. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ lókè ọ̀nà yín, kò sí ewé tó ń gba òjò dúró mọ́. Ẹ fẹ gọ́tà àti páìpù tó gba abẹ́ ọ̀nà kí òtútù tó ń bọ̀ tó dé, torí ìwọ̀n omi àtijọ́ ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì ṣí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ sí i, kí ẹ rìn ín nínú òjò náà, kí ẹ tún ohun tó bá yẹ ní títún ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn gba ibẹ̀ pẹ̀lẹ́, kó tún gba ibẹ̀ pẹ̀lú eré. Ẹ kọ ọjọ́, tọ́ọ̀nù òkúta àti ibi tí ẹ kó o sí sínú ìwé. Nígbà tí ẹ bá ń ká tẹ́ẹ̀pù ìdènà, ti ìsàlẹ̀ àti ti àárín ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ ká, kí ẹ fi ti òkè ṣe ìkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré wálẹ̀ pàdé tẹ́ẹ̀pù tó ṣì nà lójú ọ̀nà.